Kábúrétọ̀ Ni àbí Jíà? Ẹ Jẹ́ Ká Wádìí Alùpùpù Wa Kí Owó Tó Jáde

 

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ alùpùpù la fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ alùpùpù tó ti dàgbà. Kì í ṣe gbogbo wa ló lágbára láti ra tuntun. Púpọ̀ nínú àwọn tó yá owó ẹgbẹ́ nítorí àtigbé ọjà, àlòkù ni wọ́n fi rà. Bí alùpùpù bá dúró, ọjà dúró. Bí ọjà bá dúró, owó tó yẹ ká san padà lóṣooṣù dúró. Bí ẹni tó yá owó ò bá sì rí i san, àwọn tó ṣe onídùúró fún un ni akápò máa wá bá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ àti jíà kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Honda CG 125 àlòkù ni mo fi ń kó ata àti tòmátì láti ọ̀nà Mọ́níyà wá sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Owó ẹgbẹ́ ni mo fi rà á. Nígbà tó di ọdún kejì, ó yíwà padà. Bí mo bá ta á, á dún dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ jíà kìíní báyìí, ó ti kú nìyẹn. Nígbà mìíràn mo máa ta á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kó tó kúrò lójú kan.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan létí títì. Kò tíì wò ó tán tó fi sọ pé, "Bàbá, kábúrétọ̀ yín ti lọ." Mo ra kábúrétọ̀ mìíràn. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní púlọ́ọ̀gì ni, mo rà á. Ó ní kọ́ìlì ni, mo rà á. Nígbà tó yá, ó ní ó di dandan ká tú jíà. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ata agbọ̀n mẹ́ta ti rà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, owó ẹgbẹ́ ti oṣù náà sì ti bá kábúrétọ̀ lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe ló là mí lójú. Kò tilẹ̀ mú sípánà. Ó ní kí n fi máṣíìnì náà lé orí ìdúró àárín, kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ó ta á, ó fa kílọ́ọ̀ṣì mú pátápátá, ó fi í sí jíà kìíní, ó wá rọra tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì kú. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé o rí i? O di kílọ́ọ̀ṣì mú, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò já kúrò lára táyà. Ta ló ní kí o máa ra kábúrétọ̀?" Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló ti fà, tó ti dẹ̀. Bàbá yí nọ́ọ̀tì wáyà náà díẹ̀, ó dán an wò, ó tún yí i díẹ̀. Ó parí. Kò gbà ju owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo wa mú lò: kábúrétọ̀ àti jíà máa ń parọ́ mọ́ ara wọn. Àìsàn kílọ́ọ̀ṣì lè jọ ti kábúrétọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kábúrétọ̀ tó mú kí ẹ́ńjìnnì máa sáré jù lórí ìdúró lè mú kí jíà máa dún gbàù bí ẹni pé eyín rẹ̀ ti kán. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tí wọ́n ń nà. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, owó rẹ̀ á máa bọ́ síbi tí kò yẹ.

IRÚ ALÙPÙPÙ TÍ À Ń SỌ

Honda CG 125 ni a máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, bó ṣe Honda fúnra rẹ̀ ni o, bó ṣe èyí tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn wò ṣe. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Wọ́n ṣe é fún ibi tí ọ̀nà ò ti dára, tí àwọn èèyàn kì í sì í sáà tọ́jú máṣíìnì bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà púpọ̀ nínú. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, fún kílọ́ọ̀ṣì, àti fún jíà. Bí ọ́ìlì yẹn bá bàjẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa jìyà rẹ̀.

Àwọn tó ń lo Suzuki AX100 tàbí irú rẹ̀ tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ọ́ìlì jíà yín dá wà lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì tó ń bá epo jó sí ojú ihò ọ́ìlì jíà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ohun tí a fẹ́ sọ wúlò fún tiyín náà.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Epo bẹntiróòlù kì í ṣe omi. Ìta gbangba ni ká ti ṣiṣẹ́ yìí, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí iná ìdáná àwọn tó ń dín àkàrà náà jìnnà síbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Ẹ má gbà kí ọmọdé máa bá yín di rọ́bà epo mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé kékeré kan àti bíírò. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀: ṣé òwúrọ̀ ni, ṣé ìgbà tó bá gbóná ni, ṣé lórí òkè ni, ṣé ìgbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn ni? Òfin kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: ohun kan ṣoṣo ni ká tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, ká sì dán an wò, ká tó lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá tilẹ̀ dára, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Lọ́jọ́ mìíràn, márààrún ló tún máa rà.

ÌDÁNWÒ MẸ́TA TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

Ìkíní: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa ti máṣíìnì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ yan jíà láti orí kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ tún padà. Bó bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló máa ń le, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú jíà yín. Kílọ́ọ̀ṣì tàbí síló ni kí ẹ lọ wò. (Síló ni à ń pe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré nígbà tí a ò bá fún un ní iná rárá.)

Ìkejì: Ẹ ta á, kí ẹ jẹ́ kó wà ní fíríì, ìyẹn ni pé kí jíà kankan má wọlé. Ẹ rọra fún un ní iná, kí ẹ tún dá ọwọ́ padà. Bó bá ń kọ́, tó ń kú, tàbí tó ń fọ́n èéfín dúdú ní fíríì níbẹ̀, jíà ò mọ̀ sí i. Kábúrétọ̀ ni, tàbí iná púlọ́ọ̀gì. Bó bá dára ní fíríì, tó wá ń kú kìkì bí a bá ti tẹ jíà kìíní, ẹ ṣe ìdánwò tí Bàbá yẹn ṣe fún mi.

Ìkẹta: Ẹ gùn ún lọ síbi òkè, irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń ròkè ṣùgbọ́n tí máṣíìnì ò yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń wálẹ̀, tó ń kọ́ bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, epo ni kò tó o, tàbí iná. Ìdánwò yìí nìkan ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó òfò.

TI KÁBÚRÉTỌ̀

Kí a tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Ẹnu rẹ̀ máa ń sọ òótọ́. Bó bá pọ́n bíi àwọ̀ tíì tí a fi mílíìkì sí, ó dára. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kéré jù. Bó bá funfun bí ẹfun, epo ò tó. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ ọ́ìlì, kábúrétọ̀ ò jẹ̀bi. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì CG 125 jẹ́ 0.6 sí 0.7 mílímítà. Púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti là jù lè ṣe gbogbo ohun tí kábúrétọ̀ tó bàjẹ́ ń ṣe.

Ní ti kábúrétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó po epo díẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Epo ń ṣàn wálẹ̀ láti inú táǹkì bọ́ sínú àwo kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀. Fúlóòtì léfòó nínú àwo yìí bí igbá lórí omi. Bí epo bá kún dé ìwọ̀n, fúlóòtì á ti abẹ́rẹ́ kékeré kan sókè, abẹ́rẹ́ náà á sì dí ọ̀nà epo. Jẹ́ẹ̀tì méjì ló ń fa epo nínú àwo náà. Èyí kékeré wà fún síló, èyí ńlá wà fún eré. Láàrin méjèèjì, abẹ́rẹ́ gígùn tó ń bá túrótù lọ sókè sódò ló ń díwọ̀n epo. Ẹni tó bá mọ èyí, tó sì kíyè sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí túrótù nígbà tí wàhálà dé, á ti mọ ibi tí yóò wò.

1. Ó ń ṣiṣẹ́ bí a bá fa ṣóòkù, ó ń kú bí a bá dá a padà. Epo ò tó o lórí síló. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ti dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń jí wọlé láàrin kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá nọ́ọ̀tì méjì tó di kábúrétọ̀ mú ti dẹ̀, tàbí rọ́bà ibẹ̀ ti ya. Ẹ ta omi ọṣẹ díẹ̀ síbi ìsopọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

2. Jẹ́jẹ́ dára, eré ò dára. Kó tó di pé ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ ṣí ìdérí táǹkì díẹ̀, kí ẹ tún gùn ún wò. Ihò tíntín kan wà lára ìdérí náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí eruku bá dí i, epo ò ní lè ṣàn bó ṣe yẹ. Bó bá dára nígbà tí ìdérí ṣí, ẹ nu ihò náà mọ́, ó tán. Bí kò bá dára, ẹ yọ rọ́bà epo, kí ẹ gbe ìgò sí i, kí ẹ ṣí ẹnu táǹkì. Ó yẹ kí epo máa da gbọọrọ. Bó bá ń kán tó-tó-tó, asẹ́ ẹnu táǹkì ló dí. Bó bá ń da dáadáa, ìgbà náà ni ká tó wo jẹ́ẹ̀tì ńlá.

3. Èéfín dúdú, òórùn epo, epo ń tètè tán. Afẹ́fẹ́ kéré jù tàbí epo pọ̀ jù. Fílítà afẹ́fẹ́ tó kún fún eruku ló sábà máa ń fà á, pàápàá fún àwa tí à ń gba ọ̀nà oko. Ó sì lè jẹ́ pé ṣóòkù ò padà tán. Láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa la mọ ohun tí lítà kan ń gbà lọ́wọ́ wa. Kábúrétọ̀ tó bá ń da epo nù, èrè ọjà ló ń da nù.

4. Epo ń kán láti inú rọ́bà ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Ìdọ̀tí ti há sẹ́nu abẹ́rẹ́ fúlóòtì, tàbí abẹ́rẹ́ náà ti jẹ. Ẹ pa ẹnu táǹkì, ẹ fi igi sípánà kan àwo náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún ṣí i. Nígbà mìíràn ó máa ń já. Bí kò bá já, ẹ tú u. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Epo lè gba inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yín bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ẹ má ta máṣíìnì náà rárá títí ẹ ó fi pààrọ̀ ọ́ìlì.

5. Ẹ́ńjìnnì ń sáré, kò fẹ́ wálẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, kí ẹ tún yí i sí ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń yí padà, wáyà túrótù ló há tàbí ló fà jù. Bí kò bá yí, ẹ tún wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń jí wọlé.

BÍ A ṢE Ń FỌ KÁBÚRÉTỌ̀

Ẹ pa ẹnu táǹkì. Síkúrù kan wà nísàlẹ̀ àwo kábúrétọ̀. Ẹ tú u, kí ẹ gbe epo inú rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé ìgò náà sójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò wà, ẹ ó sì rí ibi tí òun àti epo ti pààlà. Bí ẹ bá rí omi tàbí ìpẹtà pupa níbẹ̀, inú táǹkì ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fọ kábúrétọ̀ tí kò fọ táǹkì, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ló tún máa wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Ẹ da epo táǹkì jáde tán, ẹ fi epo mìíràn ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì fi fílítà kékeré sáàrin rọ́bà epo.

Bí ẹ bá ṣí àwo náà, ẹ yọ fúlóòtì kúrò lákọ̀ọ́kọ́, nítorí atẹ́gùn líle lè bà á jẹ́. Ẹ fi síkúrùdíráfà tó bá ojú jẹ́ẹ̀tì mu gẹ́lẹ́ tú u. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀. Ẹ gbé e sókè sí ojú ọ̀run. Ó yẹ kí ẹ rí ihò róbótó kan tó mọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ rẹ ẹ sínú epo, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà tó ń fún táyà, kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un láé! Ihò tí ẹ bá fi wáyà là, kò ní kéré mọ́, epo tí ẹ óò sì máa rà á pọ̀ sí i títí ẹ óò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Síkúrù afẹ́fẹ́ ń kọ́? Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ rọra yí i wọlé títí tó fi kan ìdí, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó yí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, iye yẹn náà ni kí ẹ yí i jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ẹ óò fi débi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún já gaara jù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi síkúrù síló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí kò fi ní sáré jù, tí kò sì ní kú.

TI JÍÀ

Ọ̀rọ̀ jíà ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù, nítorí owó tí wọ́n máa ń dá léni. Ṣùgbọ́n jíà fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Ìta ni ọ̀pọ̀ ìjàǹbá rẹ̀ máa ń wà. Láti ibi tí owó rẹ̀ kéré jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀pá jíà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí máṣíìnì bá ti ṣubú rí, ọ̀pá náà lè ti tẹ̀ kó máa kan ara ẹ́ńjìnnì, kò sì ní lè lọ tán. Ẹ di í mú, kí ẹ mì í. Bí ọ̀pá bá ń yí tí irin tó wọnú ẹ́ńjìnnì ò yí, eyín ibẹ̀ ti jẹ tàbí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀. Mo mọ ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, tí wọ́n ti dá owó títú ẹ́ńjìnnì lé. Nọ́ọ̀tì kan yìí ni wọ́n fún le tí wàhálà fi tán.

Ẹ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fi ìka kan fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ rìn tó 10 sí 20 mílímítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì ò ní já tán: jíà á le, fíríì á ṣòroó rí nígbà tí ẹ bá dúró, máṣíìnì á sì máa fẹ́ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú. Bí kò bá ní ìdẹ̀ rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì máa jó àwọn páátì inú rẹ̀. Bí fọ́nrán wáyà náà bá ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já pátápátá sójú ọ̀nà.

Ẹ wo ọ́ìlì. Ẹ gbé máṣíìnì dúró ṣánṣán, ẹ nu ọ̀pá ìwọn, ẹ kì í bọ ihò rẹ̀ láì yí i wọlé, kí ẹ yọ ọ́ wò. Ọ́ìlì tó ti dúdú, tó ti tinrin, tàbí tó lọ sílẹ̀, á mú kí jíà máa le. Irú ọ́ìlì náà tún ṣe pàtàkì. Nínú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì wa ń gbé. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po nǹkan mọ́ kí ó lè máa yọ̀ gidigidi. Ó dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù máa yọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára.

Ẹ wo ṣéènì. Ṣéènì tó dẹ̀ jù máa ń fò lórí eyín, á sì dún bí ẹni pé jíà ló ń já. Ìdẹ̀ rẹ̀ láàrin kò gbọ́dọ̀ ju bí ìbú àtàǹpàkò lọ. Bí eyín irin tó ń yí ṣéènì bá ti rí ṣóńṣó bí eyín ayùn, àkókò àtipààrọ̀ rẹ̀ ti tó.

Ẹ wo síló. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù lórí ìdúró, jíà kìíní á dún gbàù nígbà tó bá ń wọlé. Ẹ rẹ síló wálẹ̀ kí ẹ tó bú jíà.

Bí ẹ bá ti wo gbogbo èyí, tí wàhálà ṣì wà, ìgbà náà lọ̀rọ̀ wọ inú. Síbẹ̀, inú ju inú lọ. Bí ọ̀pá jíà bá kọ̀ tí kò padà sáyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, sípírínǹgì rẹ̀ ló kán. Bó bá jẹ́ pé gbogbo jíà ló ń yọ jáde, ó lè jẹ́ ohun tó ń di jíà mú sáyè ni sípírínǹgì rẹ̀ ti rọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá yín lówó odindi àtúnṣe ẹ́ńjìnnì láì tíì ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ wo àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jíà kan ṣoṣo ló máa ń yọ jáde nígbà gbogbo, pàápàá nígbà tí ẹrù bá wà, eyín jíà náà tàbí fọ́ọ̀kì tó ń tì í ti jẹ. Ìyẹn ló ń béèrè pé ká la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni kí ẹ gbé e fún.

Ìlò wa náà wà níbẹ̀. Ẹ má máa gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pá jíà bí ẹ ti ń lọ, ó ń jẹ fọ́ọ̀kì inú. Ẹ má máa ta á nítàpá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

BÍ A BÁ DÉ ỌDỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

A ò sọ pé kí ẹ kọ mẹkáníìkì yín sílẹ̀ o. Mẹkáníìkì gidi pọ̀, iṣẹ́ wọn sì le. Ọ̀nà tí a gbà ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló yẹ ká tún ṣe. Ẹ má lọ bá wọn pé, "Ẹ bá mi pààrọ̀ kábúrétọ̀." Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: "Ó dára ní fíríì, ó ń kú tí mo bá tẹ jíà kìíní, mo ti wo wáyà, mo ti wo ọ́ìlì." Mẹkáníìkì tó bá gbọ́ irú èyí, á mọ̀ pé ojú yín là. Bó bá ní kí ẹ ra nǹkan, ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sí ìsọ̀ kí wọ́n lè bá yín fi wé tuntun, kí ẹ sì gbé ògbólógbòó náà lọ sílé. Kábúrétọ̀ mi àtijọ́ tí wọ́n ní ó ti lọ, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Òun náà ló wà lára máṣíìnì mi títí di òní.

Ẹ̀yin tó fẹ́ yá owó ra àlòkù, ẹ ṣe ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má gbé e gbóná dè yín, nítorí máṣíìnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn òwúrọ̀ pamọ́. Ẹ̀yin onídùúró náà, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé.

Ẹ gé ojú ewé yìí pamọ́ sínú àpótí sípánà yín, kí ẹ sì ka ìdánwò mẹ́ta náà fún ọmọ tó ń bá yín gun máṣíìnì. Owó tí a ò bá ná sórí kábúrétọ̀ tí kò bàjẹ́, owó ìfipamọ́ ni, inú ìwé ẹgbẹ́ sì ni ibi tó yẹ kó wà.

Ire o. Ọ̀nà á là fún wa, a ó máa lọ, a ó máa bọ̀ láyọ̀.